Àjà Ẹnu Tó Là: Kí Ni Iṣẹ́ Abẹ Lè Ṣe fún Ẹni Tó Ti Dàgbà?

Ẹni tí wọ́n bí pẹ̀lú àjà ẹnu tó là, tí wọn ò sì tún un ṣe títí ó fi lé ní ọmọ ogún ọdún, ṣì lè ṣe iṣẹ́ abẹ. Oúnjẹ àti omi ò ní máa gba imú jáde mọ́. Ọ̀rọ̀ sísọ ló le. Ihò lè dí pátápátá kí onítọ̀hún sì máa ránmú sọ̀rọ̀ bíi ti àná.

Bí a bá fẹ́ pe "b", "t", "k" tàbí "gb", ẹran rírọ̀ tó wà lẹ́yìn àjà ẹnu á gbéra sókè, á dí ọ̀nà imú, kí èémí lè kóra jọ sẹ́nu kó tó bú jáde. Níbi tí àjà bá ti là, imú ni èémí ń gbà sá lọ. Ọmọdé á wá ọgbọ́n dá sí i: á máa fi ọ̀fun gé ohun tó yẹ kó fi ètè tàbí ahọ́n gé. "Bàtà" lè di "màná" lẹ́nu rẹ̀, tàbí kó ku "à-à" lásán. Ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ kì í sábà sọnù, torí tán-án-ná inú ọ̀fun ló ń gbé wọn jáde. Lójú tèmi, èyí wà lára ohun tó ń jẹ́ kí Yorùbá rẹ̀ yé ará ilé nígbà tí àlejò á ní kó tún un sọ.

Iṣẹ́ abẹ náà kọjá kí a kàn rán ihò. Iṣan tó yẹ kó gba ọ̀tún dé òsì ti lọ so mọ́ etí eegun níwájú. Dókítà á tú u kúrò níbẹ̀, á yí i sẹ́yìn, á rán an mọ́ èkejì rẹ̀. Ọ̀nà tí Leonard Furlow ti Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ń gé ẹran náà bíi "Z", kí àjà lè gùn sí i.

Àǹfààní wà nínú kí a tètè ṣe é. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2023 nínú New England Journal of Medicine pín ọmọ 558 sí méjì: apá kan ṣe é ní oṣù 6, apá kejì ní oṣù 12. Nígbà tí wọ́n pé ọdún 5, àwọn tí àjà ẹnu wọn ò lè dí ọ̀nà imú dáadáa jẹ́ 8.9 nínú ọgọ́rùn-ún ní apá àkọ́kọ́, 15 ní apá kejì. Oṣù mẹ́fà péré ló wà láàárín wọn!

Ti àgbàlagbà tún wá yàtọ̀, torí ọ̀fun rẹ̀ ti mọ ọ̀nà àtijọ́ dunjú. Ó ní láti kọ́ "p" lásán, kó tó kan "pápá", kó tó kan gbólóhùn, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ ní kó sọ pé "Bàbá gbé bàtà", kó tún un sọ pẹ̀lú imú dídì: bí ohùn bá yí padà, èémí ṣì ń gba imú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ síbẹ̀, wọ́n lè mú ẹran láti ẹ̀yìn ọ̀fun rán mọ́ àjà ẹnu.

Àjọ Smile Train ń san owó iṣẹ́ abẹ yìí láwọn ilé ìwòsàn kan ní Nàìjíríà. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ló ṣọ̀wọ́n. Kí ẹ tó gbà fún abẹ, ẹ bi wọ́n léèrè: ta ni yóò máa kọ́ aláìsàn yìí bí ojú abẹ bá jinná, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀, fún oṣù mélòó?