Bí Ọmọ Kò Bá Lè Gbé Ẹsẹ̀ Sókè

Ẹ̀yin òbí, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni ìyá kan tẹ̀ mí láago láti Ìlọrà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, ni ó fò sókè láti fi orí kan bọ́ọ̀lù. Ó gbọ́ ìró “pó” ní orúnkún, ó ṣubú, kò sì lè na ẹsẹ̀ náà mọ́. Àwọn ará ilé ní kí wọ́n fi òrí ra á. Mo ní kí wọ́n má ṣe ra á o, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ fi ọwọ́ kan orúnkún yín. Eegun róbótó kan wà níwájú rẹ̀. Iṣan ńlá itan so mọ́ ọn láti òkè; iṣan mìíràn tí ó le bí okùn sì ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ so mọ́ orí ojúgun. Okùn yìí ni a fi ń na ẹsẹ̀. Lára àgbàlagbà, òun fúnra rẹ̀ ni ó sábà ń já. Ṣùgbọ́n eegun ọmọ tí ń dàgbà kò tí ì gbó. Kèrékèré wà níbi tí okùn náà so mọ́. Nítorí náà, bí ọmọ bá fò tàbí tí ó bẹ́ sílẹ̀ láti orí igi máńgòrò, okùn náà lè fa eegun já kúrò. Àwọn ọmọkùnrin ọdún 12 sí 16 ni ó ń ṣe jù.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n? Ẹ tẹ́ ọmọ sórí ẹní, kí ó dojú sókè. Ẹ ní kí ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, kí ó sì gbé e nílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ má fi ipá mú un. Ẹ fi pátákó àti aṣọ gbé ẹsẹ̀ náà ró bí ó ti wà, kí ẹ sì wọ ọkọ̀. Kókó tí ń dun ọmọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ orúnkún, tí ó sì ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, yàtọ̀; ìsinmi ni ó sábà ń wò ó sàn.

Láti Fìdítì tàbí Ìlọrà, Ìbàdàn kò jìnnà, U.C.H., tí wọ́n ṣí ní 1957, wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ abẹ eegun. Wọn a dá eegun náà padà, wọn a sì fi irin kékeré dè é mọ́ àyè rẹ̀.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn bàbá tí ń to eegun. Ṣùgbọ́n òrí àti ọparun kò lè fa eegun tí ó ti sá lọ sókè padà. Ìdè tí ó bá fún jù a sì máa dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà; ó ti mú kí a gé ẹsẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn ní ilẹ̀ wa. Bí ojúgun bá le bí òkúta, tí ìrora ń pọ̀ sí i, tí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ sì ń kú tipiri, ẹ má dúró di òwúrọ̀.

Mo rántí ọmọ Fìdítì kan tí wọ́n gbé wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Iṣan itan rẹ̀ ti súnkì, iṣẹ́ abẹ rẹ̀ sì le púpọ̀. Títí di òní ni ó ń tiro. Ti Ìlọrà ní tirẹ̀ ti padà sí pápá. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko.