Ìlànà-ihun Ilé-iṣẹ́: Ìperí àti Ìgbéléwọ̀n Rẹ̀

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti wá ìperí Yorùbá fún ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní enterprise architecture, kí a sì ṣàlàyé bí a ṣe lè mọ̀ bóyá ó ń so èso rere fún ilé-iṣẹ́ tí ó ní in. Iṣẹ́ méjèèjì kò ṣe é yà nípá, nítorí pé orúkọ tí a bá fún nǹkan ni yóò tọ́ka sí ohun tí a óò wọ̀n lára rẹ̀.

2.0 Ohun tí à ń wá orúkọ fún

Ní 1987, John Zachman, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ IBM nígbà náà, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú jọ́nà ilé-iṣẹ́ ọ̀hún. Ilé kíkọ́ ni ó fi ṣe àkàwé. Àwòrán tí onílé ń fẹ́ rí yàtọ̀ sí èyí tí kọ́lékọ́lé ń lò, síbẹ̀ ilé kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-iṣẹ́ ńlá rí: ojú tí ọ̀gá àgbà fi ń wò ó kọ́ ni akápò tàbí òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi ń wò ó. Ìbéèrè mẹ́ta ni Zachman kọ́kọ́ tẹnu mọ́: kí ni? báwo? níbo? Ní 1992, òun àti John Sowa fi mẹ́ta mìíràn kún un: ta ni? nígbà wo? nítorí kí ni? Lóde òní, àkọsílẹ̀ tí à ń sọ yìí máa ń ní apá mẹ́ta: bí ilé-iṣẹ́ ṣe wà lónìí, bí a ṣe fẹ́ kí ó wà lọ́la, àti ọ̀nà tí a óò gbà débẹ̀.

3.0 Ìperí

Mẹ́ta nínú àwọn ìperí tí ó lè kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn nìyí:

(1) a. àwòrán ilé-iṣẹ́
    b. ètò ilé-iṣẹ́
    d. ihun ilé-iṣẹ́

Ẹni tí ó bá gbọ́ (1a) yóò rò pé fọ́tò ilé ni. Èyí tí ó tún burú ni pé yóò mú ni gbà pé bí àwòrán bá ti pé, iṣẹ́ ti parí. (1b) gbòòrò jù. Ètò ìsìnkú náà ètò ni. (1d) ni ó sún mọ́ ọn jù lọ, nítorí pé ihun ni à ń lò nínú gírámà fún bí àwọn wúnrẹ̀n ṣe so pọ̀ di odidi. Ṣùgbọ́n kò sí ilé-iṣẹ́ tí kò ní ihun, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èdè ti ní gírámà kí ìwé gírámà tó wà. Àkọsílẹ̀ tí a fi ń tọ́ ihun náà sọ́nà ni à ń wá orúkọ fún. Nítorí náà, ìlànà-ihun ilé-iṣẹ́ ni a dábàá.

A yan ìgbéléwọ̀n dípò àyẹ̀wò, nítorí pé àyẹ̀wò lè mọ sórí wíwò lásán, ṣùgbọ́n ohun tí a gbé lé ìwọ̀n gbọ́dọ̀ ní òṣùwọ̀n. Ohun mẹ́ta ni a sì lè gbé lé e:

(2) a. pípé: ṣé àkọsílẹ̀ náà kún tó?
    b. lílò: ṣé à ń wò ó kí a tó náwó?
    d. ìmúnádóko: kí ni ó yí padà nítorí pé a lò ó?

4.0 Ìgbéléwọ̀n

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń kọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí òṣìṣẹ́ kan náà sílẹ̀ níbi mẹ́ta: lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́, lọ́dọ̀ akápò, àti lọ́dọ̀ àwọn tí ń san owó ìfẹ̀yìntì. Bí ọjọ́ ìbí náà kò bá bára mu, òṣìṣẹ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì lè máa pààrà ọ́fíìsì láìrí owó rẹ̀ gbà. Òṣùwọ̀n ìmúnádóko níbí kì í ṣe iye ojú-ìwé tí ìlànà-ihun ní. Àwọn ohun tí a óò wọ̀n ni iye ibi tí a ń kọ ohun kan náà sí, iye àṣìṣe tí ó ń ti ibẹ̀ wá, àti iye ọjọ́ tí ó ń gbà kí owó tó dé ọwọ́ ẹni tí ó ni ín. A gbọ́dọ̀ wọn gbogbo wọn ṣáájú kí ìlànà-ihun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a kò ní rí ohun tí a óò fi wé ti ẹ̀yìn ọ̀la.

Ìrírí àwọn ará Amẹ́ríkà kín èyí lẹ́yìn. Òfin Clinger-Cohen ti 1996 ni ó sọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ di dandan fún ètò kọ̀ǹpútà àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ wọn. Ní 2012, GAO, ọ́fíìsì tí ń bá ilé aṣòfin wọn yẹ iṣẹ́ ìjọba wò, ṣe ìwádìí lórí àjọ 27. Gbogbo wọn ni ó ti sọ, ní kíkún tàbí ní apá kan, ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìlànà náà ṣe. 11 ni ó ti ní ọ̀nà tí wọn yóò fi wọn èrè rẹ̀, ní kíkún tàbí ní apá kan. 5 péré ni ó ti wọ̀n ọ́n tí ó sì ròyìn rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn, nígbà náà, kò tíì dé (2d).

Àìní ìlànà-ihun pẹ̀lú ní ohun tí ó ń náni. Àjọ FBI ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 170 dọ́là lórí ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní Virtual Case File, kí wọ́n tó pa á tì ní 2005. Àwọn tí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ka àìní ìlànà-ihun mọ́ ohun tí ó fà á. Ṣùgbọ́n wọ́n tún sọ pé ohun tí àjọ náà fẹ́ kí ètò ọ̀hún ṣe ń yí padà ṣáá. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún olùgbéléwọ̀n ni pé kò yẹ kí a di gbogbo ẹ̀bi, tàbí gbogbo ìyìn, ru ìlànà-ihun nìkan.

5.0 Àgbálọ gbábọ̀

A ti dábàá ìlànà-ihun ilé-iṣẹ́, ìgbéléwọ̀n àti ìmúnádóko. A sì ti fi hàn pé pípé àti lílò kì í ṣe ìmúnádóko, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ibẹ̀ ni wọ́n. Bí ẹlòmíràn bá ní ìperí tí ó sàn ju èyí lọ, kí ó mú un wá. Ohun tí a bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ó má ṣe jẹ́ irú èyí tí yóò mú kí akọ̀wé ilé-iṣẹ́ máa ka iye àwòrán, nígbà tí ẹni tí ó fẹ̀yìn tì ń ka iye ọjọ́.