Lílo Ọ̀rọ̀ náà 'Lọ́' fún Ṣíṣí Igi tí ń Ṣòjòjò Nípò

Ọ̀rọ̀-ìṣe lọ́ ni àgbẹ̀ ń lò nígbà tí ó bá kó ọmọ kòkó tàbí ọmọ ata kúrò níbi tí ó ti hù lọ sí oko. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni Bíbélì Yorùbá lò ní Róòmù orí 11 fún ẹ̀ka igi ólífì tí a fi mọ́ ara igi mìíràn. Iṣẹ́ méjèèjì kò jọra. Ní ti èkíní, igi kan náà ni, ilẹ̀ ni ó yàtọ̀. Ní ti èkejì, igi méjì ni a sọ di ọ̀kan. Olùtumọ̀ tí ó bá lo lọ́ nìkan lè mú kí ẹni tí ó yẹ kí ó gbé ọkọ́ gbé ọ̀bẹ. Ìlọ́gbìn ni ó yẹ fún ti èkíní, kí ìlọ́mọ́ dúró fún ti èkejì.

Ní àgbàlá ilé ní Àkúrẹ́, igi ọsàn tí a gbìn sí abẹ́ ìbòòji máńgòrò lè wà fún ọdún mẹ́ta láìgbèrú, kí ewé rẹ̀ máa pọ́n. Oòrùn kò tó o ni, tàbí omi dá rogún sí ìdí rẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ pé yangí ni gbòǹgbò rẹ̀ bá pàdé. Irú igi bẹ́ẹ̀ ni ìlọ́gbìn lè gbà là. Èyí tí ikán bá ti jẹ gbòǹgbò rẹ̀ tán kò sí lára wọn.

Kì í ṣe gbòǹgbò ńlá ni ó ń fa omi jù, bí kò ṣe irun gbòǹgbò, tíńtín bí òwú, tí ó wà nítòsí ṣóńṣó àwọn gbòǹgbò kéékèèké. Àwọn wọ̀nyí ni ọkọ́ ń gé kù sínú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ewé kò dáwọ́ omi títú sínú afẹ́fẹ́ dúró. A lè pe èyí ní ìlàágùn ewé, ṣùgbọ́n ìfiwéra náà ní àléébù: omi tí ewé ń tú jáde ni ó ń fa omi mìíràn gòkè láti ìsàlẹ̀, òógùn ènìyàn kì í sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí òjò ọdún kan tó dá, a ó gbẹ́ kòtò tóóró yí igi náà po, a ó sì da ilẹ̀ ọlọ́ràá padà sínú rẹ̀, kí àwọn gbòǹgbò tí a gé lè yọ wẹ́wẹ́ mìíràn. Nígbà tí òjò ọdún kejì bá rinlẹ̀, ní oṣù Kẹrin tàbí Karùn-ún, a ó hú u tòun ti ilẹ̀ ìdí rẹ̀, a ó sì fi àpò dì í. Hú ni, kì í ṣe fà tu. Koríko ni a ń fà tu, a kì í sì í retí pé kí ó tún yè. Ibi tí ilẹ̀ dé lára igi náà tẹ́lẹ̀ ni kí ó tún dé. A ó dín ẹ̀ka rẹ̀ kù, a ó sì fi màrìwò ṣíji bò ó. Pèrègún àti akòko kò nílò gbogbo wàhálà yìí, nítorí pé igi wọn tí a gé lásán a máa ta gbòǹgbò.

Bí gbogbo ewé bá wọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí a fi èékánná ha èèpo igi náà díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, tí ó sì ní àwọ̀ ewé, igi náà wọ́wé ni, kò kú.