Báwo La Ṣe Ń Mọ̀ Pé Ewé Ń Pa Kòkòrò Àrùn?

Ó ṣeé ṣe kí àwọn ará ilé ìwádìí ti wá já asúnwọ̀n òyìnbó tàbí ẹfinrin lóko yín rí. Kí ni wọ́n ń fi í ṣe? Ó yẹ kí ẹ mọ̀, torí pé ewé yìí kan náà lẹ fi ń tọ́jú ọmọ yín.

Ẹ jẹ́ ká mú asúnwọ̀n òyìnbó, tí a mọ̀ mọ́ làpálàpá.

1. Wọ́n á sá ewé náà gbẹ níbi ìbòji, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á wọ̀n ọ́n. Wọ́n á rẹ díẹ̀ sínú omi, díẹ̀ sínú sípírítì, fún ọjọ́ 1 sí 3, wọ́n á sì sẹ́ ẹ.

2. Wọ́n á da ágà, tí wọ́n fi ewéko inú òkun ṣe, sínú àwo pẹlẹbẹ. Tó bá tutù, á dì bí ẹ̀kọ. Wọ́n á wá fi kòkòrò àrùn pa orí rẹ̀.

3. Wọ́n á lu ihò kéékèèké sí i. Omi ewé á wọ ihò kan, sípírítì lásán á wọ èkejì, oògùn ilé ìwòsàn tí a ti mọ agbára rẹ̀ á wọ ẹ̀kẹta.

4. Wọ́n á gbé àwo náà síbi tó móoru. Kòkòrò làpálàpá jẹ́ ìbátan ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan kó tó hù. Tí ewé bá lágbára, àyíká ihò rẹ̀ á mọ́ roro bí ilẹ̀ tí koríko kò hù sí. Wọ́n á fi rúlà wọn ìbú rẹ̀.

Kí ni ti sípírítì lásán? Ẹ̀yin náà ń rẹ èèpo igi sínú ògógóró. Tó bá ṣiṣẹ́, ṣé èèpo ni àbí ògógóró? Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa bu omi là á títí wọ́n á fi mọ ìwọ̀n tó kéré jù tó lè dá kòkòrò náà dúró.

Asúnwọ̀n òyìnbó ti yege nínú irú àyẹ̀wò yìí. Ẹfinrin náà yege. Òróró olóòórùn inú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ náà. Àwọn baba wa ò purọ́.

Ṣùgbọ́n àwo kì í ṣe ara èèyàn. Ohun tó pa kòkòrò nínú àwo lè má dé ibi tí àrùn wà nínú ara, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín jẹ́. Nítorí náà:

• Asúnwọ̀n òyìnbó tí ẹ ń fi pa làpálàpá, ẹ má rò pé mímu rẹ̀ á tún dára jù. Ó máa ń ṣu èèyàn.

• Làpálàpá orí ọmọdé sábà máa ń fẹ́ oògùn mímu láti ilé ìwòsàn. Ẹ gbé ọmọ lọ.

• Tí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ẹ má jókòó ti ẹfinrin. Omi tó ń tán lára ló ń pa ọmọ. Ẹ fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, kẹ́ ẹ sì tètè lọ sílé ìwòsàn.

• Tí àwọn olùwádìí bá dé, ẹ sọ ewé náà gan-an, apá tí ẹ ń lò, àti bóyá omi tàbí ògógóró lẹ fi ń ṣe é. Asúnwọ̀n àti asúnwọ̀n òyìnbó kì í ṣe ọ̀kan náà.

• Tí ẹ bá ń se ẹfinrin, ẹ dé ìkòkò. Òórùn tó ń ta jáde yẹn, agbára ewé ló ń lọ.