Bí kẹ́míkà ṣe ń tú àṣírí òkun tó wà lábẹ́ yìnyín

Ní ọdún 1963, Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba àti Sófíẹ́ẹ̀tì tọwọ́ bọ̀wé ní Moscow pé àwọn kò ní í dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò nínú afẹ́fẹ́ mọ́. Àmọ́ ohun tí àwọn bọ́ǹbù ìṣáájú tú jáde ti bá òjò rọ̀ sínú òkun. Trítíọ̀mù wà lára rẹ̀, oríṣi háídírójìn kan tí ìdajì rẹ̀ máa ń di hílíọ̀mù láàárín ọdún 12.3. Ìjàmbá ni àwọn bọ́ǹbù wọ̀nyẹn, kò sóhun tó lè sọ wọ́n di rere. Síbẹ̀, bí olùwádìí bá fa omi láti ìsàlẹ̀ òkun, tó wọn trítíọ̀mù tó kù àti èyí tó ti di hílíọ̀mù, yóò mọ ọdún tí omi náà fi ojú òkun sílẹ̀.

Fún omi tó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kábọ́ọ̀nù-14 ni wọ́n ń lò. Òun ló fi hàn pé omi ìsàlẹ̀ Àríwá Pàsífíìkì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tó ti fojú kan afẹ́fẹ́ kẹ́yìn.

Ní Òkun Akitíìkì, ní ṣóńṣó àríwá ayé, ọ̀rọ̀ náà gba àròjinlẹ̀. Omi Àtìláńtíìkì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń ṣàn kọjá nísàlẹ̀ níbẹ̀, yìnyín sì wà lókè. Omi tútù tí iyọ̀ rẹ̀ kéré ló là wọ́n láàárín, òun ni kò jẹ́ kí ooru ìsàlẹ̀ dé ara yìnyín. Láti mọ ọ̀nà tí omi Àtìláńtíìkì ń gbà, wọ́n ń tọpa áyódìn-129 tí àwọn ilé iṣẹ́ núkílíà Sellafield ní Ìlú Ọba àti La Hague ní ilẹ̀ Faransé dà sínú òkun. Bí aró tí a kán sínú odò ló ṣe ń bá ìṣàn omi gba etíkun Nọ́wè wọ abẹ́ yìnyín lọ.

Omi tí kò níyọ̀ púpọ̀ yẹn ńkọ́, ibo ló ti wá? Ọ́síjìn ló ń dáhùn. Ọ́síjìn ní oríṣi tó wúwo àti èyí tó fúyẹ́. Èyí tó wúwo ló máa ń tètè bá òjò rọ̀ sílẹ̀ kí ìkùukùu tó dé Saibéríà, nítorí náà ó ṣọ̀wọ́n nínú omi odò Yenisei àti Lena. Ní ti yìnyín òkun, bí omi ṣe ń dì ló ń lé iyọ̀ jáde, ṣùgbọ́n ọ́síjìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Bí iyọ̀ bá kéré, tí ọ́síjìn wíwúwo náà sì kéré, odò ló gbé omi wá. Bí ọ́síjìn bá jọ ti òkun, yìnyín ló yọ́. Sátẹ́láìtì tó ń wo yìnyín látòkè kò lè rí ìyàtọ̀ yìí.

Bẹrílíọ̀mù-7 tún wà, tó ń ti òfuurufú rọ̀, tí ìdajì rẹ̀ sì ń pòórá láàárín ọjọ́ 53. Bí yìnyín bá bo òkun, orí yìnyín ló máa bà lé. Níbi tí òkun bá ti ṣí sílẹ̀, inú omi ló ń wọ̀ tààrà. Ọkọ̀ ojú omi Healy ti Amẹ́ríkà, tó dé ṣóńṣó àríwá ní oṣù kẹsàn-án 2015, wà lára àwọn tó kó irú omi àti yìnyín yìí fún àyẹ̀wò. Bí yìnyín ṣe ń dín kù, bẹrílíọ̀mù yìí ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí àwọn mẹ́tàlì tó ń bá afẹ́fẹ́ rìn ṣe ń wọ òkun tó ti ṣí sílẹ̀ náà.