Ọ̀pá sínúkà: iṣẹ́ ọwọ́ lẹ ń sanwó fún, kì í ṣe ọ̀ṣọ́

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó, ẹ ò ní í rìn jìnnà kí ẹ tó bá àwọn ọ̀dọ́ tó yí tábìlì sínúkà ká. Púùlù ni wọ́n ń pe eré náà lókè òkun, ṣùgbọ́n sínúkà ni gbogbo wa ń pè é níhìn-ín, a ò sì ní í torí ìyẹn bá ara wa jà. Ẹni tó ni tábìlì ń gbowó lórí géèmù kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn tó ń gbá a sì tún ń ta á láàárín ara wọn. Owó wà lórí ọ̀pá yẹn o, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni wọ́n ń tọ́jú kẹ́yìn.

Ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí ẹ yí i. Bí orí rẹ̀ bá ń fò sókè-sódò bó ṣe ń yí, ó ti wọ́ nìyẹn. Ọyẹ́ tó máa ń mú gan-an láàárín àwọn òkè Àkókó wà lára ohun tó ń fà á. Igi máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ nígbà òjò, á sì tú u sílẹ̀ nígbà ọyẹ́. Bí gbogbo ara rẹ̀ kò bá gbẹ bákan náà, àfi kó tẹ̀. Ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti èyí tí wọ́n fi ti ògiri láti alẹ́ dòwúrọ̀.

Ohun tí àwọn tó ń fọwọ́ ṣe ọ̀pá fún ẹni tó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ ń sá fún nìyí. Igi maple láti Amẹ́ríkà àti Kánádà ni wọ́n sábà fi ń ṣe apá iwájú ọ̀pá púùlù. Igi ash ni ti sínúkà àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kì í gé e tán lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á fá a díẹ̀ lórí ẹ̀rọ, wọ́n á gbé e kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù, kí igi tó bá fẹ́ wọ́ tètè wọ́, kí wọ́n tó tún fá a. Èyí tó bá tẹ̀, wọ́n á pa á tì. Ẹni tó wá ra èyí tó kù, owó àwọn tó bàjẹ́ wà nínú ohun tó san.

Ọ̀pá púùlù máa ń gùn tó ínṣì 58, ó sì ń wọn nǹkan bíi 500 sí 600 gíráàmù. Àmọ́ kì í ṣe ìwọ̀n yẹn ni ọwọ́ ń mọ̀, bí kò ṣe ibi tí ìwúwo náà fìdí sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi igi líle ṣe apá ìdí, pàápàá igi dúdú tó ń ti Cameroon àti ibòmíràn nílẹ̀ Afíríkà lọ ní pákó. Bí ẹ bá gbá bọ́ọ̀lù, ìró rẹ̀ á gba inú igi wá sọ́wọ́ yín. Bí ibi tí wọ́n ti so ọ̀pá náà pọ̀ láàárín bá dẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára bí ìgbà tí ọkọ́ bá ń mì lórí èèkù. Kò sí àgbẹ̀ Àkókó tó nílò àlàyé ìyẹn.

George Balabushka, ọmọ Rọ́ṣíà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀pá ní Brooklyn lọ́dún 1959, kú ní 1975. Títí di òní ni àwọn tó ń kó ọ̀pá jọ ń ná owó gọbọi lórí tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní ọ̀ṣọ́ kan lọ títí. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Àkùngbá tí ẹ ń tu owó jọ láti ra ọ̀pá tó ń dán yanran, ẹ kọ́kọ́ fi èékánná ha ojú ọ̀ṣọ́ yẹn. Bí etí rẹ̀ bá ń ká, bébà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, kì í ṣe igi tí wọ́n gbẹ́ sínú igi. Ẹ yí i lórí tábìlì, kí ẹ tó wá bi wọ́n ní iye.

Ẹ̀yin tí ẹ ni tábìlì, awọ orí ọ̀pá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. François Mingaud, ará Faransé, ni wọ́n sọ pé ó mú awọ wọ orí ọ̀pá níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Awọ yìí ló ń di bọ́ọ̀lù mú fún ìṣẹ́jú àáyá kékeré, ṣọ́ọ̀kì ni kì í jẹ́ kó yọ̀. Bó bá ti fẹ̀ bí olú, tàbí tó ń dán bíi dígí, ọ̀pá Balabushka gan-an ò lè gba ẹni tó mú un dání. Owó awọ tuntun kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọ̀pá. Ẹ fi okùn gbé ọ̀pá yín kọ́ lóòró, kó má fara ti ògiri.

Ṣé a lè ṣe é níbí? Káfíńtà tó ń yí ẹsẹ̀ àga lórí ẹ̀rọ ní Ìkàrẹ́ kò jìnnà sí iṣẹ́ náà. Ohun tó ṣòro ni igi tó gbẹ délẹ̀, àti oníbàárà tó máa san àsansílẹ̀, tí yóò sì fi oṣù mẹ́fà dúró.