Bí Òfin Ṣe Pa Táyà Lẹ́nu Mọ́

Ẹni tó kọ́kọ́ gbèrò táyà oníafẹ́fẹ́ ti ro ti ariwo mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Robert William Thomson, ọmọ ilẹ̀ Scotland, kò ju ọmọ ọdún 23 lọ nígbà tó gba ìwé àṣẹ lórí iṣẹ́ náà ní 1845. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé táyà òun yóò jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ ẹṣin rọrùn láti fà, yóò jẹ́ kí ìrìn rẹ̀ tura, yóò sì dín ariwo rẹ̀ kù. Iṣẹ́ Thomson kò tà lọ́jà. Ìgbà tí John Boyd Dunlop tún un gbé jáde ní Belfast ní 1888, nítorí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀, ni ayé tó gbà á.

Ohun tó wá pa ariwo ló padà di aláriwo. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, àwọn kókó rọ́bà tó wà lójú táyà ń gbá títì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì sinmi. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín wọn ń fún pọ̀, ó sì ń bẹ́ jáde bí táyà ti ń ká kúrò nílẹ̀. Igun tóóró tí táyà fi pàdé títì wá ń ṣe bí ẹnu kàkàkí, ó ń gba ohùn kékeré, ó ń sọ ọ́ di ńlá. Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá ń rọra lọ, ẹ̀rọ rẹ̀ la máa ń gbọ́. Tó bá ti kọjá nǹkan bí kìlómítà 40 ní wákàtí kan, táyà ló ń sọ̀rọ̀.

Amẹ́ríkà fi òfin bá irú táyà kan wí. Ọ̀pọ̀ tírélà wọn ń lo táyà tí wọ́n lẹ ojú tuntun mọ́, òmíràn nínú wọn sì ní ihò kéékèèké lójú tí kò ní ọ̀nà àbájáde. Afẹ́fẹ́ tó bá wọ ihò bẹ́ẹ̀ ń há síbẹ̀, ó sì ń han jáde, débi pé táyà náà ń kọrin lójú ọ̀nà. Wọ́n ṣe òfin ariwo ní 1972. Ní 1974, EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká, gbé ìlànà jáde fún àwọn ọkọ̀ ẹrù tó ń ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn: kò sí èyí tó gbọdọ̀ fi táyà rìn tó bá jẹ́ pé ihò tí kò já síta, tí kò sì já síra wọn, ló pọ̀ jù lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá 1975. Mo fẹ́ràn ìlànà yìí gan-an, nítorí kò béèrè ẹ̀rọ olówó ńlá kankan. Ojú lásán ni òṣìṣẹ́ fi ń mọ táyà tó rú òfin.

Ọ̀nà mìíràn ni àwọn ará Yúróòpù gbà. Láti 1970 ni wọ́n ti ń fi òté lé ariwo odindi ọkọ̀: désíbẹ́lì 82 fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nígbà náà, tó ti wálẹ̀ dé 74 ní nǹkan bí 1995 sí 1996. Bí ẹ̀rọ ṣe ń pa ẹnu mọ́ ni àṣírí táyà ń tú. Ní 2001, wọ́n fún táyà fúnra rẹ̀ ní òté tirẹ̀. Ní 2009, wọ́n tún un fún mọ́lẹ̀: táyà tó fẹ̀ ju mìlímítà 185 lọ, tí kò ju 215 lọ, tí wọ́n gbà fún tẹ́lẹ̀ ní désíbẹ́lì 75, kò gbọdọ̀ kọjá 71 mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kéré mẹ́rin yẹn. Désíbẹ́lì mẹ́ta péré ti tó láti gé agbára ohùn sí ìdajì.

Láti wọn ariwo táyà, wọ́n ń pa ẹ̀rọ ọkọ̀, wọ́n á jẹ́ kí ó fi eré kìlómítà 80 ṣàn kọjá níwájú makirofóònù tó wà ní mítà méje àtààbọ̀ sí àárín ọ̀nà. Ohùn tó bá kù, ti táyà ni. Àwọn tó ń ṣe táyà kò ráyè jiyàn mọ́, wọ́n lọ ṣiṣẹ́. Wọ́n sọ àwọn kókó ojú táyà di kékeré àti ńlá láìdọ́gba, kí wọ́n má baà máa pariwo ní ohùn kan ṣoṣo. Wọ́n dá ìlà rẹ̀ ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà lọ. Àwọn kan ń lẹ fóòmù sínú táyà, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ nìyẹn ń ràn lọ́wọ́, kì í ṣe ẹni tó ń gbé ẹ̀bá títì. Láti oṣù kọkànlá 2012 ni wọ́n ti ń lẹ iye désíbẹ́lì mọ́ táyà tuntun kí oníbàárà rí i kó tó sanwó.

Àwa ọmọ Nàìjíríà ńkọ́? Michelin ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop náà sì jáwọ́ ní Ikeja. Orí omi ni táyà wa ń gbà wá báyìí. Táyà tòkunbọ̀ wà nínú ohun tí àjọ kọ́sítọ́ọ̀mù kà léèwọ̀, àfi ti ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fẹ́ lẹ ojú tuntun mọ́, síbẹ̀ ó kún ọjà. Rọ́bà tó ti gbó ń le, èyí tó sì ti le ń pariwo ju tuntun lọ, kì í sì í di títì mú dáadáa nínú òjò. Ìlànà ariwo ti NESREA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Nàìjíríà, ti wà láti 2009. Ní 2018, Nàìjíríà wọ àdéhùn àgbáyé ti 1958 lórí ohun èlò ọkọ̀, níbi tí ìlànà nọ́ńbà 117 lórí ariwo táyà wà. Wíwọ àdéhùn náà nìkan kò sọ ọ́ di dandan fún wa láti lò ó.

Ní Ali Kazaure, ní Jos North, níbi tí kẹ̀kẹ́ Napep àti ọkọ̀ ti ń rọra fà, òfin táyà kò ní yí ohun púpọ̀ padà: fèrè àti sàlẹ́ńsà tó ti jò ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dé Bauchi Road, níbi tí ọgbà Yunifásítì Jos wà. Tí ọ̀nà bá dá lóru, tí tírélà bá ráyè sáré, ariwo táyà ni ẹ ó máa gbọ́. Ó yẹ kí SON, àjọ tó ń bójú tó ìjójúlówó ọjà, tó ti ń gba ìwé ẹ̀rí SONCAP lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ọjà wọlé, máa béèrè ẹ̀rí ariwo mọ́ ọn. Ẹ̀rí náà ti wà lára táyà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ wá lẹ́tà E tó wà nínú òbìrìkìtì pẹ̀lú nọ́ńbà. Tí ẹ bá rí S2 ní ẹ̀yìn nọ́ńbà ìfọwọ́sí tó wà nítòsí rẹ̀, táyà yẹn ti yege òté ariwo kejì, èyí tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.